Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Mọ Gíà Fà Ju Awakọ̀ Lọ

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Porsche ti ilẹ̀ Jámánì gbé ọkọ̀ tuntun kan lọ síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Geneva, ní orílẹ̀-èdè Switzerland. 911 GT3 ni orúkọ ọkọ̀ náà. Kì í ṣe irú ọkọ̀ tí ènìyàn ń rà láti fi gbé ọmọ lọ sílé-ìwé. Ọkọ̀ asáré ni, èyí tí òfin gbà láàyè lójú pópó, kí ẹni tó ni ín lè wà á láti ilé rẹ̀ dé pápá eré-ìje, kó sá eré tó bá wù ú níbẹ̀, kó sì tún wà á padà sílé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí ní ìgbà 9,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 475. Gbogbo ohun tí àwọn olólùfẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń retí ló pé síbẹ̀, àyàfi ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n bẹ ojú wo abẹ́ sítíárìn, pẹ́dà méjì péré ni wọ́n rí: ti iná àti ti bíréèkì. Pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ariwo ta. Láti ọdún 1999 tí wọ́n ti ń ṣe GT3, ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń yan gíà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo náà lókèèrè lè rò pé ọkọ̀ tuntun náà kò yá tó ti àtẹ̀yìnwá ni. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ó yá jù ú lọ dáadáa, gíà tuntun náà sì wà lára ohun tó mú un yá. Ohun tó ń dun àwọn ènìyàn kò sí lára ohun tí aago lè wọ̀n. Wọ́n ní wọ́n ti gba iṣẹ́ kan kúrò lọ́wọ́ àwọn, iṣẹ́ tó le, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, tí wọ́n sì fẹ́ràn láti máa ṣe. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní Geneva lọ́jọ́ náà kò tíì tán, ìbéèrè tó sì wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn olówó tó ń ra Porsche nìkan: bí ẹ̀rọ bá mọ iṣẹ́ kan ṣe ju ènìyàn lọ, kí ló tún kù tí ènìyàn yóò fi máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹni tí kò wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí fífa gíà wálẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ti wọ dánfó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè rí ti mọ ohùn rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́, awakọ̀ tó gbọ́n kì í gbára lé bíréèkì nìkan. Á fa gíà láti ẹ̀kẹrin sí ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ á sì dẹ eré, nítorí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti ń bá a di ọkọ̀ mú. Awakọ̀ eré-ìje náà ń fa gíà wálẹ̀, àmọ́ ìdí tirẹ̀ yàtọ̀. Bíréèkì rẹ̀ lágbára tó láti dá ọkọ̀ dúró. Ohun tó ń wá ni pé, nígbà tí òun bá fi máa jáde nínú kọ́nà, kí ẹ́ńjìnnì ti wà lórí gíà tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí, kí ọkọ̀ lè fò jáde bí ẹní ta ọfà. Bí ó bá jáde lórí gíà tó ga jù, ọkọ̀ á máa fà bí àgbàlagbà tó ń gun àkàsọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì kọjá rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gíà kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí fún iye eré tí táyà ń sá. Bí ọkọ̀ kan bá wà lórí gíà kẹta, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ní ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó lè jẹ́ pé gíà kejì yóò béèrè ìgbà 6,000 fún iye eré kan náà. Bí awakọ̀ bá kàn tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tó fa gíà, tó sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, táyà ni yóò máa fi tipátipá yí ẹ́ńjìnnì láti 4,000 dé 6,000. Ọkọ̀ á ta gìrì. Bó bá jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń gbé ọkọ̀ náà, bí ti 911 GT3, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ ti ń wọ kọ́nà lọ, táyà ẹ̀yìn lè gan lójijì, kí ìdí ọkọ̀ sì gba iwájú lọ.

Ọgbọ́n tí àwọn awakọ̀ dá sí i ni kí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì ní iná díẹ̀ kí kílọ́ọ̀ṣì tó padà, kí ó ti máa yí dé ibi tí gíà tuntun ń fẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ méjì péré ni Ọlọ́run fún ènìyàn, pẹ́dà mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí kọ́nà ti dé tán. Nítorí náà, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún á máa tẹ bíréèkì lọ láìdẹ̀, awakọ̀ á sì yí gìgísẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan náà sí ọ̀tún láti fi ta pẹ́dà iná pẹ́rẹ́. Lásìkò yẹn kan náà, ọwọ́ kan ń fa gíà, ọwọ́ kejì ń di sítíárìn mú, ojú ń wo kọ́nà, etí sì ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti ké tó. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, bí kọ́nà bá sì lágbára, awakọ̀ lè ní láti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra kí ó tó yí sítíárìn.

Fídíò kan wà tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ káàkiri ayé mọ̀ dáadáa, níbi tí Ayrton Senna, ọmọ ilẹ̀ Brazil tó gba adé Formula 1 lẹ́ẹ̀mẹta, ti ń wa ọkọ̀ Honda NSX ní pápá Suzuka ní ilẹ̀ Japan. Bàtà ìgbafẹ́ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wọ̀. Wọ́n dojú kámẹ́rà kọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ń jó lórí pẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹsẹ̀ ẹni tí onílù bàtá ń pè. Ẹni tó bá wo fídíò yẹn kò ní béèrè mọ́ ìdí tí àwọn ènìyàn kan fi ń pe fífa gíà wálẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà.

Àmọ́ ó yẹ kí a rántí pé ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Títí di ọdún 1928, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Cadillac ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń mú kí eyín gíà bá ara wọn dọ́gba jáde, ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ó tó lè fa gíà ẹyọ kan wálẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ṣì í, eyín irin á máa ha ara wọn, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèjà gíà àfọwọ́fà lónìí kò wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ pọ́ńbélé, ẹ̀rọ ti bá wọn ṣe ìdajì rẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn.

Ìdajì tó kù ni gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì wá gbà. Èrò náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Adolphe Kégresse, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti ṣe olùtọ́jú ọkọ̀ fún ọba Rọ́ṣíà rí, ló ronú rẹ̀ ní ọdún 1939, ṣùgbọ́n kò di ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà nígbà ayé rẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Porsche gbé èrò náà wọ inú àwọn ọkọ̀ eré-ìje rẹ̀, 956 àti 962. Ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀, nítorí gíà náà wúwo, kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò sì yára tó. Síbẹ̀, ní ọdún 1986, Hans-Joachim Stuck àti Derek Bell fi 962 tó ní gíà yìí gba ipò kìíní ní Monza, ní ilẹ̀ Ítálì. Ó tó ọdún 2003 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ará ìta, nínú Golf R32 ti Volkswagen, ilé-iṣẹ́ kan náà tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti sọ ara wọn di dánfó ní ìlú Èkó. Ní ọdún 2008, Porsche gbé e wọ inú 911.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó bá fẹ́ lè rí i bíi gíábọ́ọ̀sì méjì tó ń gbé inú ilé kan. Kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ni ó ni gíà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje. Kílọ́ọ̀ṣì kejì ni ó ni ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Ọ̀pá irin tiwọn yàtọ̀ síra. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ lórí gíà kẹta, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì, kọ̀ǹpútà á ti rí i pé gíà kejì ni yóò kàn, á sì ti mú un sílẹ̀ lórí ọ̀pá kejì kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Bí awakọ̀ bá fi ìka fa irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn sítíárìn, kílọ́ọ̀ṣì kan á jọ̀wọ́, èkejì á sì dì mú lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ẹni méjì ń gba ẹrù lórí ara wọn láìjẹ́ kí ẹrù náà kanlẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnnì ní iná tó yẹ, kò pọ̀ jù, kò sì kéré. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kò kúrò lórí bíréèkì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sì kúrò lórí sítíárìn. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí.

Kò tún mọ síbẹ̀. Nínú gíà àfọwọ́fà, àṣìṣe kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi owó sọ lórúkọ, nítorí owó ló ń jẹ. Bí awakọ̀ bá wà lórí gíà karùn-ún, tó fẹ́ lọ sí ìkẹrin, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lọ sí ìkejì, táyà á yí ẹ́ńjìnnì kọjá ibi tí wọ́n ṣe é mọ. Àwọn fáàfù lè kọlu písítìnì, kí ẹ́ńjìnnì tó tó owó ilé kan sì di irin àlòkù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì kì í gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá fa irin ẹ̀yìn sítíárìn ní ìgbà tí kò yẹ, kọ̀ǹpútà á kọ̀ fún un, gíà kò sì ní yí.

Kì í ṣe pé gíà tuntun yìí kò ní kùdìẹ̀-kudiẹ. Gíà kẹrin àti ìkejì jọ wà lórí ọ̀pá kan náà, nítorí náà kò lè fò láti ọ̀kan sí èkejì bí ó ṣe ń ṣe láàárín àwọn tó jẹ́ aládùúgbò. Ó gbọ́dọ̀ gba ti ìkẹta kọjá, tàbí kí ó dúró díẹ̀, nígbà tí ọwọ́ ènìyàn lè bọ́ sí gíà tó bá wù ú tààrà. Bákan náà, bí kọ̀ǹpútà bá ti rò pé awakọ̀ fẹ́ lọ sókè, tó ti mú gíà òkè sílẹ̀, tí awakọ̀ sì yí ọkàn padà lójijì, ó ní láti tú ohun tó dì kalẹ̀ kí ó tó di òmíràn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ìwọ̀nyí. Lórí pápá, ibi tí aago ti ń ṣe adájọ́, ẹjọ́ náà ti parí tipẹ́.

Nígbà náà, èrò Porsche ní ọdún 2013 kò ní àléébù. Iṣẹ́ GT3 ni kí ó yá lórí pápá. Gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì yá ju ti ọwọ́ lọ. Nítorí náà, kí gíà ọwọ́ máa lọ. Ẹ̀ka tí Andreas Preuninger ń darí ni ó ṣe ọkọ̀ náà, àwọn ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe ìṣirò. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ti dé ibi kan náà ṣáájú wọn. Nissan GT-R tó jáde ní 2007 kò ní gíà ọwọ́, Ferrari 458 Italia tó jáde ní 2009 náà kò ní in. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Àmọ́ ọjà kò gba ìṣirò náà gbọ́ pátápátá. Ní ọdún 2015, Porsche gbé Cayman GT4 jáde, gíà àfọwọ́fà nìkan ló sì ní. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ní Geneva yìí kan náà, wọ́n gbé 911 R jáde, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 500. Gíà àfọwọ́fà olójú mẹ́fà nìkan ló wà nínú rẹ̀, 991 péré ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n jà á gbà lọ. Kò pẹ́ tí àwọn kan lára àwọn tó rà á fi gbé e padà sọ́jà ní iye tó ju ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fi rà á lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2017, Porsche gbà pé ọ̀rọ̀ ti yí. Wọ́n gbé GT3 tuntun jáde, wọ́n sì ní kí oníbàárà yan èyí tó bá wù ú nínú gíà méjèèjì, láìfi owó kún un.

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde kò fi òótọ́ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ yan. Èyí tó ní gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ń ti orí ìdúró dé eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3.4. Èyí tó ní gíà ọwọ́ ń lo 3.9. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kò jọ ohun kan lójú ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, àmọ́ lójú ẹni tó ń ra irú ọkọ̀ yìí, odidi ọ̀nà jíjìn ni. Àwọn ènìyàn rí iye náà, wọ́n kà á, wọ́n lóye rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì san owó kan náà fún èyí tó lọ́ra. Ẹni tó bá rò pé aago nìkan ni ènìyàn ń rà kò ní lè ṣàlàyé èyí.

Ohun tó lè ṣàlàyé rẹ̀ kò jìnnà sílé. Fóònù tó wà nínú àpò ẹnikẹ́ni lè lu gángan jáde lónìí, kó má ṣi ohùn ẹyọ kan láti àárọ̀ di alẹ́. Síbẹ̀, bí olówó bá ń ṣe ìnáwó, àyàn ló ń ránṣẹ́ pè. Ó mọ̀ pé ó lè rẹ àyàn. Ó mọ̀ pé ojú lè ti àyàn bí kò bá rántí oríkì. Gan-an nítorí pé àyàn lè ṣì í ni orí ẹni tí wọ́n ń kì fi ń wú nígbà tí kò bá ṣì í. Ohun tí kò ṣeé ṣì kò ṣeé yangàn sí. Bẹ́ẹ̀ ni fífa gíà wálẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti ṣe é láṣeyọrí rí, tí ẹ́ńjìnnì ké dé ibi tó yẹ, tí ọkọ̀ kò sì mì rárá, mọ̀ pé òun ló ṣe é. Ẹni tó fa irin ẹ̀yìn sítíárìn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó pàṣẹ ni, ẹlòmíràn ló ṣiṣẹ́.

Senna jẹ́rìí sí èyí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1991, ní pápá Interlagos ní São Paulo, ìlú tí wọ́n bí i sí. Kò tíì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ baba rẹ̀ rí. Gíà àfọwọ́fà ni McLaren rẹ̀ ní, ní ìgbà tí Ferrari ti fi irin ẹ̀yìn sítíárìn gba eré-ìje ní Brazil láti 1989. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, títí tó fi jẹ́ pé gíà kẹfà nìkan ló kù fún un. Kò sí gíà tó lè fà wálẹ̀ fún kọ́nà mọ́. Ó di ọkọ̀ náà mú bẹ́ẹ̀ yí pápá ká, òjò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó sì gba ipò kìíní. Nígbà tó parí, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé wọ́n ní láti ràn án lọ́wọ́ jáde nínú ọkọ̀, agbára káká ló sì fi gbé ife ẹ̀yẹ sókè. Àwọn olùfẹ́ gíà ọwọ́ máa ń sọ ìtàn yìí, wọ́n sì máa ń gbàgbé ìdajì kejì rẹ̀: Nigel Mansell, tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ Williams tí gíà rẹ̀ jẹ́ ti ìgbàlódé, jáde nínú eré náà nítorí pé gíà ti òun náà bàjẹ́. Irin kò mọ àgbà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ṣì ń rántí apá Senna.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ di ìgbéraga. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tí kò lè tẹ pẹ́dà mẹ́ta kì í ṣe awakọ̀. Alex Zanardi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú ìjàm̀bá eré-ìje ní ọdún 2001. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó wà lára àwọn tó wa BMW nínú eré-ìje wákàtí 24 ti Daytona ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ nìkan ló sì fi wà á: ọwọ́ ló fi fún un níná, ọwọ́ ló fi dá a dúró, ẹ̀rọ sì bá a ṣe iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó lè wo ọkùnrin náà lójú kó sọ fún un pé ohun tó ṣe kì í ṣe wíwa ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan lè jẹ́ ẹ̀rọ tó dá iṣẹ́ padà fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Corvette tí ilé-iṣẹ́ Chevrolet bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún ọdún 2020 kò ní gíà ọwọ́ mọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó ti wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ náà sì tà dáadáa. Lọ́wọ́ kejì, Toyota tó gbé Supra padà sọ́jà ní 2019 pẹ̀lú ọtọmátíìkì nìkan tún fi gíà ọwọ́ sí i ní ọdún 2022, nítorí pé àwọn oníbàárà kò yé béèrè. Ẹni tó bá ń retí pé kí ọ̀kan pa èkejì run á pẹ́ níbi tó dúró sí.

Ohun tó gba àfiyèsí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ohun kékeré kan tí Porsche fi sínú 911 R, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á máa fún ẹ́ńjìnnì ní iná fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ń fa gíà wálẹ̀, kí awakọ̀ má baà ní láti fi gìgísẹ̀ jó. Nissan ti kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde nínú 370Z ti ọdún 2009. Bí awakọ̀ bá sì pa bọ́tìnnì náà, gbogbo iṣẹ́ yẹn á padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan fi bọ́tìnnì yìí ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní àwọn tó pariwo fún gíà ọwọ́ náà tún fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Àmọ́ bóyá bọ́tìnnì náà ni ó gbọ́n jù nínú gbogbo àwọn tó dá sí ìjà náà.

Nítorí pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọlọ́kọ̀ nìkan ni ìbéèrè yìí dúró sí. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán, ó ti dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ ìwé ìròyìn, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ ìròyìn eré bọ́ọ̀lù kí oníròyìn tó jókòó. Lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ìjà tí wọ́n ń jà ni bóyá kí ẹ̀rọ wá tàbí kí ó má wá, ìjà yẹn kò sì ní olúborí, nítorí ẹ̀rọ ti dé. Ohun tó tọ́ kí wọ́n máa béèrè ni bọ́tìnnì. Ṣé ìrànlọ́wọ́ yìí ṣeé pa? Bí wọ́n bá pa á, ṣé ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣì mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ̀rọ tí kò ṣeé pa ti di ọ̀gá, kódà bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òṣìṣẹ́ tí kò lè ṣe nǹkan kan bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ti di èrò inú ọkọ̀, kódà bí ó bá jókòó sí ìdí sítíárìn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ asáré lónìí, tó sì fẹ́ kí aago yìn ín, kó ra oníkílọ́ọ̀ṣì méjì láìkábàámọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣe é, kó ra pẹ́dà mẹ́ta, kó sì mọ̀ pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni owó tí òun san. Èyí tó burú ni kí ẹni tí kò kọ́ ọ rí máa sọ pé kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Kí ó ta gìgísẹ̀ sí iná, kí ó ṣì í, kí ó tún un ṣe, títí ọjọ́ kan tí gíà yóò bọ́ sí àyè rẹ̀ wẹ́rẹ́ láìmi ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, bí ó bá wù ú, kí ó tẹ bọ́tìnnì.